Ẹ Bi Í Kí Ẹ Tó Gún Un Lábẹ́rẹ́

Ní Ìpájà tí mò ń gbé, ọ̀rọ̀ ọmọ kì í tán lẹ́nu aládùúgbò. Síbẹ̀, ọ̀rẹ́ mi kan tí wọ́n bí ní obìnrin, tó ń gbé bí ọkùnrin, ń gba abẹ́rẹ́ testosterone. Dókítà ò bi í bóyá ó máa fẹ́ bímọ. Nǹkan oṣù rẹ̀ dáwọ́ dúró, ó rò pé ó ti parí. Rárá o! Ẹyin ṣì lè jáde, oyún ṣì lè dúró.

Ìlànà WPATH ti 2022 ní kí wọ́n sọ̀rọ̀ ọmọ kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti bí ọmọ IVF ní LUTH láti 1989. Fífi ẹyin pamọ́ kì í ṣe idán mọ́.

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, kò dìgbà tí a bá fara mọ́ ìgbé ayé ẹnìkan ká tó sọ òtítọ́ fún un.