Ahọ́n tí Iṣẹ́ Abẹ Kàn: Iṣẹ́ Wà fún Olùkọ́ Èdè Yorùbá

Kò sí olùkọ́ èdè Yorùbá tí kò mọ ipò ahọ́n láàrin àwọn ẹ̀yà ara ìfọ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò rò ni ìwúlò ìmọ̀ yìí fún ẹni tí wọ́n gé lára ahọ́n rẹ̀ nítorí àrùn jẹjẹrẹ.

Lẹ́yìn irú iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀, dókítà lè fi ẹran ara láti apá tàbí itan dí ojú ibẹ̀. Àbùlẹ̀ yìí kì í dá yí. Ahọ́n tí ó ṣẹ́kù ni ó ń gbé e. Àpá sì lè mú un le. Ìdí nìyí tí aláìsàn fi ń ṣe ìdánrawò, bí dókítà bá ti yọ̀ǹda: kí ó na ahọ́n síta, kí ó gbé e kan èrìgì, kí ó tì í sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún àti òsì.

Nínú kọ́ńsónáǹtì 18 tí èdè Yorùbá ní, mẹ́rin péré, b, f, h àti m, ni kò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ahọ́n. Bí iwájú ahọ́n bá le, t, d, s, n, l àti r yóò nira. Bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá le, k, g, p àti gb ni yóò ṣòro. Ṣùgbọ́n tán-án-ná ni orísun ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀, iṣẹ́ abẹ ahọ́n kì í sì í sábà kàn án. Dùndún kò ní ahọ́n, síbẹ̀ ohùn ni ó fi ń sọ̀rọ̀, pàápàá oríkì tí etí ti mọ̀. Ó yẹ kí aláìsàn náà bẹ̀rẹ̀ láti orí ìkíni àti oríkì, kí ó tó dé orí ọ̀rọ̀ bíi "dé" àti "gé", "sá" àti "ṣá". Àkójọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò lè ṣe èyí; kò ní gb, kò sì ní ohùn bíi ti Yorùbá.

Àwọn kan lè sọ pé iṣẹ́ ilé ìwòsàn ni èyí. Òótọ́ ni pé olùkọ́ kò lè gba iṣẹ́ onímọ̀ ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ ṣe. Àmọ́ ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ní Ilé-Ifẹ̀, Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn, ó sì ní ẹ̀ka tí a ti ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè. Ìlú kan náà ni àwọn méjèèjì wà. Ó yẹ kí àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ náà fi irú àkójọ ọ̀rọ̀ ìdánrawò bẹ́ẹ̀ ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá fún akẹ́kọ̀ọ́, kí onímọ̀ ìtọ́jú yẹ̀ ẹ́ wò. Kí wọ́n sì kọ́ olùkọ́ ọ̀la pé ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń falẹ̀ kì í ṣe adití: kí a má pariwo mọ́ ọn, kí a má sì gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ kí ó tó parí.