Bọ́tìnnì ara ọ̀pá jíà kì í ṣe ọ̀ṣọ́

Ẹni tó bá wa ọkọ̀ kúrò láàárín ìlú Accra, tó gba Madina àti Adenta kọjá, tó dé Ayi Mensah, yóò rí i pé ilẹ̀ pẹrẹsẹ ti tán. Òkè ló kù níwájú, títí dé Peduase àti Aburi, níbi tí Gowon àti Ojukwu ti ṣèpàdé ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1967, kí ogun abẹ́lé Nàìjíríà tó bẹ́ sílẹ̀. Gígun òkè náà kò le tó sísọ̀kalẹ̀ rẹ̀, pàápàá fún ẹni tí kò tíì mọ ọkọ̀ ọ́tòmátíìkì rẹ̀ dénú.

Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tó ń gba èbúté Tema wọlé ni kò ní kílọ́ọ̀ṣì. Ìrọ̀rùn ni lóòótọ́, àmọ́ ọ̀pá jíà wọn ní òfin tirẹ̀, bọ́tìnnì kékeré ara rẹ̀ ló sì ń ṣọ́ òfin náà. P wà fún ìdúró, R fún ẹ̀yìn, D fún iwájú. Ní N, ẹ́ńjìnì àti táyà kò so pọ̀ mọ́. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ọ̀pá yóò lọ láti N sí D, yóò sì padà, láìtẹ bọ́tìnnì. Ṣùgbọ́n kò ní kúrò ní P, kò sì ní wọ R tàbí P, àfi bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́.

Ìdí rẹ̀ ni pé ní P, irin kékeré kan ló ń há sáàárín eyín irin mìíràn nínú jíà. Bí wọ́n bá tì í síbẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ ń sáré, ó lè fọ́. Síbẹ̀, àwọn awakọ̀ kan wà tí àtàǹpàkò wọn kì í kúrò lórí bọ́tìnnì. N ni wọ́n ń wá lórí eré, ọwọ́ á yọ̀ bọ́ sí R. Ẹni tó ń tẹ bọ́tìnnì níbi tí kò ti pọn dandan ti lé ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ilé rẹ̀ lọ.

Àwọn mìíràn a máa fi N sọ̀kalẹ̀ láti Peduase, wọ́n ní àwọn ń ṣọ́ epo. Ta ni yóò bá wọn wí, nígbà tí epo wọ́n? Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì òde òní ló ń dá epo dúró fúnra rẹ̀ bí ọkọ̀ bá ń sọ̀kalẹ̀ nínú jíà láìtẹ tọ́tù. Ní N, bíréèkì nìkan ló ń di gbogbo ẹrù ọkọ̀ mú, yóò gbóná débi pé títẹ̀ ẹ́ kò ní ràn mọ́. 2 tàbí L ni wọ́n ṣe fún irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, kí wọ́n sì ti wà níbẹ̀ kí eré tó pọ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ dúró lórí òkè, bíréèkì ọwọ́ ni kí wọ́n kọ́kọ́ fà, kí P tó tẹ̀lé e, kí ọkọ̀ má baà fi gbogbo ìwọ̀n rẹ̀ rọ̀ mọ́ irin kékeré yẹn.

Nígbà mìíràn, ọ̀pá yóò kọ̀ láti kúrò ní P bí wọ́n tilẹ̀ tẹ bọ́tìnnì. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lórí bíréèkì kí ó tó gbà; Amẹ́ríkà sọ èyí di dandan fún ọkọ̀ tí wọ́n bá ṣe láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2010, nítorí àwọn ọmọdé tó ń fi ọ̀pá jíà ṣeré. Bí ẹsẹ̀ bá wà níbẹ̀ tí ó ṣì kọ̀, kí ẹnìkan wo iná bíréèkì lẹ́yìn. Bí kò bá tàn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ fíúsì ló jó, tàbí kí ohun tó ń tan iná náà ti bàjẹ́. Ihò kékeré tí wọ́n kọ SHIFT LOCK sí lè tú ọ̀pá sílẹ̀ bí wọ́n bá ti kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì tó bá sún mọ́ jù lọ ni kí wọ́n gbé e lọ, nítorí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò ní mọ ìgbà tí awakọ̀ náà tẹ bíréèkì.