Láti Iléyá Ni Ká Ti Máa Kà á Bọ̀ Sẹ́yìn

Kò sí àgbẹ̀ kan ní Ìkèrèkú, Lálúpọn, Ẹ́rúnmu tàbí Akànràn tó máa bi ẹnikẹ́ni léèrè ìgbà tó yẹ kí òun gbin àgbàdo. Kò sì sí Mùsùlùmí kan láàárín wọn tí kò mọ oṣù tí Iléyá máa bọ́ sí. Àmọ́ bí ọ̀kan nínú wọn bá ní òun fẹ́ lọ sí Mẹ́kà, ńṣe ni ètò ìrìn àjò náà máa dà bí àṣírí tí wọ́n tì mọ́ inú ọ́fíìsì kan. Ìgbà wo ni owó gbọ́dọ̀ pé? Físà ńkọ́? Ọjọ́ wo ni bàálù máa gbéra? Ẹnu ajẹ́ńtì ló ti máa ń gbọ́ gbogbo rẹ̀, nígbà tó bá sì fi máa gbọ́, ọjọ́ ti lọ.

Àwọn èèyàn máa ń sọ pé owó ni ìṣòro ibẹ̀. Lóòótọ́ ni, àmọ́ lójú tèmi, ọ̀rọ̀ èdè wà ńbẹ̀ pẹ̀lú, ó sì kan ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wa.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ọ̀rọ̀ ọjọ́. Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Dhul-Hijjah ni àwọn onílàálì máa ń dúró ní Àràfá. Ọjọ́ kejì rẹ̀ ni Iléyá. Ẹni tó bá ti mọ ọjọ́ Iléyá ti mọ ọjọ́ Hájì nìyẹn. Ní 2024, ọjọ́ 16 oṣù Kẹfà ni Iléyá. Ní 2025, ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà ni. Ọdún tí a fi òṣùpá kà fi nǹkan bí ọjọ́ 11 kúrú sí ti oòrùn, ìdí nìyẹn tó fi ń sún síwájú lọ́dọọdún. Bí a bá ń ṣírò rẹ̀ lọ, ní 2030, agbedeméjì oṣù Kẹrin ló máa bọ́ sí. Wíwo oṣù lè yẹ̀ ẹ́ ní ọjọ́ kan, kò lè yẹ̀ ẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ogún ọdún ń bọ̀ wá ku ọ̀la, àti ti ogún ọdún ọ̀hún pàápàá la lè kọ sílẹ̀ lónìí.

Àwa tí à ń kọ́ nípa ìhun ọ̀rọ̀ mọ̀ pé gbólóhùn odindi ló wà nínú orúkọ ọdún yìí: ilé yá. Nígbà tí àwọn tó wà nílùú bá ń sọ pé ilé ti yá, ìgbà náà gan-an ni onílàálì jìnnà sílé jù, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló sì fi ń rìn. Bàálù láti Èkó sí Jeddah kò ju wákàtí 5 sí 6 lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ku ẹsẹ̀. Rírìn ìgbà méje láàárín Sáfà àti Máríwà nìkan tó nǹkan bí kìlómítà 3. Láti Mínà dé Àràfá tó nǹkan bí kìlómítà 14, láti Àràfá dé Musidalífà sì tó nǹkan bí 9. Bọ́ọ̀sì wà, ọkọ̀ ojú irin wà, síbẹ̀ èrò máa ń pọ̀ débi pé ọ̀pọ̀ ló ń fẹsẹ̀ rìn ín.

Kí bàálù tó dé, ẹsẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ará Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà fi ń gba Chad àti Sudan kọjá títí dé etí Òkun Pupa. Wọ́n á dúró lójú ọ̀nà, wọ́n á ro oko olóko, wọ́n á gba owó, wọ́n á tún máa lọ. Ó gba àwọn mìíràn ní ọ̀pọ̀ ọdún. Àtọmọdọ́mọ àwọn kan ṣì wà ní Sudan títí dòní. Ní ìhà tiwa, ọdún 1958 ni ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn, tó fi Ìbàdàn ṣe olú ìlú, dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ láti máa tọ́jú àwọn tó ń lọ sí Mẹ́kà. Láti bá onílàálì ṣètò kì í ṣe nǹkan tuntun nílùú yìí.

Ohun tí ètò òde òní kò kà sí ni kàlẹ́ńdà àgbẹ̀. Ní 2024, wọ́n ti kọ́kọ́ ní kí àwọn ará Gúúsù san ₦4,899,000. Nígbà tí náírà já wálẹ̀, àjọ NAHCON kéde lọ́jọ́ 24 oṣù Kẹta pé kí oníkálukú fi ₦1,918,032.91 kún un, kó sì pé ní ọjọ́ 28 oṣù kan náà. A gbọ́ ohun tó fà á. Àmọ́ ẹ ronú nípa àgbẹ̀ ní ìparí oṣù Kẹta. Owó kòkó ti ná tán láti ìgbà ọyẹ́. Àgbàdo tútù kò ní délẹ̀ títí di oṣù Kẹfà. Owó tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ ló fi ń ra irúgbìn, òun náà ló fi ń san owó lébìrà. Òṣìṣẹ́ ìjọba lè sáré yá owó nínú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀. Àgbẹ̀ á fi oko dógò, tàbí kó ta ilẹ̀ ní ìdajì iye tó tó. Ní 2025 ẹ̀wẹ̀, owó ti Gúúsù lé ní mílíọ̀nù 8.7 náírà.

Ibi tí à ń lọ tún le jùyẹn lọ. Ní 2024, ọjọ́ 15 oṣù Karùn-ún ni bàálù àkọ́kọ́ gbéra láti Kebbi, oṣù kan gbáko ṣáájú Àràfá. Tó bá rí bẹ́ẹ̀ ní 2030, agbedeméjì oṣù Kẹta ni bàálù á bẹ̀rẹ̀ sí í gbéra, nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ ń rọ̀. Ta ló máa gbin oko? Ẹni tó bá mọ̀ lónìí á ti bá àwọn ọmọ rẹ̀ sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí tún wà ńbẹ̀. Ní Hájì 2024, ooru dé ìwọ̀n 51.8 ní Mẹ́kà. Àwọn aláṣẹ Sáúdí ní èèyàn 1,301 ló kú, àti pé ìdá 83 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni kò gba ìwé àṣẹ Hájì, tí wọ́n rin ọ̀nà jíjìn nínú oòrùn láìsí àgọ́ tàbí ibi ìsinmi. Ọ̀rọ̀ kan péré lórí físà ló lè ya àwọn méjì náà sọ́tọ̀, èdè Lárúbáwá àti Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì fi ń kọ ọ́. Bàbá kan lábúlé wa gbé ìwé bẹ́ẹ̀ wá bá mi. Físà ìbẹ̀wò ni. Ajẹ́ńtì ti sọ fún un pé físà ni físà.

Bàbá bi mí pé, “Ọmọ mi, ṣé bí wọ́n á ṣe jẹ́ kí n wọ Àràfá nìyí?”

Mo ní, “Bàbá, kò sí Hájì nínú èyí o.” Ọpẹ́ ni pé kò tíì san owó tó kù.

Àwọn kan á ní rédíò ń kéde ní Yorùbá, àti pé àwọn álífáà ń ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn onílàálì. Bẹ́ẹ̀ ni. Àmọ́ ẹni tó ti sanwó ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wà fún, ìkéde rédíò sì ń bá afẹ́fẹ́ lọ. Ìwé tí a lẹ̀ mọ́ ara ògiri mọ́ṣáláṣí kò ní bá afẹ́fẹ́ lọ.

Ìmọ̀ràn mi nìyí. Ojú ìwé kan péré, ní Yorùbá tó já gaara, tí a kà láti Iléyá bọ̀ sẹ́yìn. Níbi tó bá ku oṣù mẹ́jọ: bí o bá ta kòkó, fi owó sílẹ̀ kí o tó ná an. Oṣù mẹ́fà: wo ìwé ìrìnnà rẹ, bóyá ọjọ́ rẹ̀ ò tíì pé. Oṣù mẹ́ta: máa fi sálúbàtà tí o fẹ́ wọ̀ rìn lójoojúmọ́, torí ẹsẹ̀ àgbẹ̀ le lóòótọ́, oòrùn ibẹ̀ kì í ṣe oòrùn Akínyẹlé. Kí o tó san owó ìkẹyìn: mú ìwé lọ sọ́dọ̀ ẹni tó lè ka ọ̀rọ̀ “Hájì” lórí rẹ̀. Lọ́jọ́ bàálù: aago Sáúdí fi wákàtí méjì ṣáájú tiwa.

Ẹ̀yin akẹ́gbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí kíláàsì ìtumọ̀ wa fi èyí ṣe iṣẹ́ ṣíṣe ní sáà tó ń bọ̀. Ẹ̀yin àgbà wa tí ẹ ti gboyè, tí ẹ wà ní iléeṣẹ́ rédíò àti ní ọ́fíìsì ìjọba, ẹ bá wa wá àwọn álífáà àti òṣìṣẹ́ Hájì tó máa yẹ̀ ẹ́ wò kí a tó tẹ̀ ẹ́. Lọ́dọọdún, kí a máa yí ọjọ́ inú rẹ̀ padà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ta kòkó, kí ó sì dé Lálúpọn ṣáájú ajẹ́ńtì.