Ìwé Ìtàn Iṣẹ́ Wa: Ẹ Má Fi Ọdún Yín Sílẹ̀ Lọ́wọ́ Ọ̀gá

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lósù yìí kì í ṣe ti owó oṣù, kì í sì í ṣe ti owó ẹgbẹ́. Ọ̀rọ̀ ìwé tí ènìyàn fi ń wá iṣẹ́ ni, ìwé tí ó ń sọ ohun tí ẹnìkan ti ṣe rí àti ohun tí ó lè ṣe, èyí tí àwọn akọ̀wé ń pè ní CV. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló gbà pé ti àwọn tí ń wọ táì ni. Irọ́ ni, irọ́ náà sì ti pa wá lára púpọ̀.

Ẹ wo Ofosu wa yìí. Ọ̀nà Ọ̀rẹ̀ sí Bìní ni a wà, tọ̀sán-tòru ni ọkọ̀ ń lọ tí ó ń bọ̀. Láàárín wa ni ẹ óò ti rí ẹni tí ó ti wa tírélà lójú ọ̀nà yìí fún ogún ọdún. Láàárín wa ni ẹ óò ti rí ẹni tí ó máa gbọ́ ìró ayùn lásán tí yóò sì sọ fún yín pé ẹnu rẹ̀ ti kú. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá dé ẹnu géètì ilé-iṣẹ́ kan ní Bìní tàbí ní Àkúrẹ́, tí wọ́n bi í pé, "Ìwé rẹ dà?", ọwọ́ òfìfo ni yóò nà sí wọn. Ogún ọdún di asán lójú akọ̀wé tí a bí nígbà tí òun ti ń wakọ̀. Kí ló fà á? Ọ̀gá tí ó lò ó kò fún un ní ìwé kankan, òun náà kò sì béèrè.

Àgbẹ̀ Ìdànrè lè nawọ́ sí oko kòkó rẹ̀ kí ó ní, "Ibí ni mo fi ọdún mi sí." Kí ni dírẹ́bà yóò nawọ́ sí? Ọkọ̀ kì í ṣe tirẹ̀, ẹrù kì í ṣe tirẹ̀. Ìwé tí ó sọ ohun tí ó ṣe nìkan ni oko tirẹ̀. Òṣìṣẹ́ tí kò ní in ti ro oko fún ẹlòmíràn, ó sì ti fi ọkọ́ sílẹ̀ síbẹ̀.

A mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ: "Ta ni ń ka ìwé nílẹ̀ yìí? Ẹni tí a mọ̀ ló ń báni ríṣẹ́." A kò sẹ́ pé ojúsàájú ń bẹ. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí. Ní ọdún 2012, ilé-iṣẹ́ Dangote kéde pé òun ń fẹ́ àwọn tí ó ti jáde ní yunifásítì láti wa ọkọ̀ akẹ́rù. Àyè 100 ni ó wà. Nǹkan bí 13,000 ènìyàn ló kọ̀wé wá. Ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ló sọ pé nínú wọn, àwọn 6 ní oyè PhD, àwọn 704 ní oyè Masters, àwọn tí ó lé ní 8,000 sì ní dìgírì àkọ́kọ́. Ẹ̀yin dírẹ́bà, ìjókòó yín ni wọ́n ń dù yẹn o! Àwọn tí ọ̀pọ̀ wọn kò tíì fọwọ́ kan sítíárìn tírélà rí mú ìwé wá, nígbà tí ẹni tí ó ti ń wà á láti ọjọ́ pípẹ́ kò ní ju ẹnu lọ. Bí a bá ń ṣe ojúsàájú, ẹni tí kò ní ìwé ni wọ́n kọ́kọ́ ń lé padà, nítorí kò sí ohun tí ó lè fi bá wọn jà.

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ bí ìwé náà ṣe yẹ kí ó rí. Ojú ìwé kan ti tó fún púpọ̀ nínú wa, kò sì gbọdọ̀ ju méjì lọ. Orúkọ yín ni kí ó wà lókè, pẹ̀lú ìlú tí ẹ ń gbé àti nọ́ńbà fóònù tí ń wọlé. Lẹ́yìn náà, gbólóhùn kan tí ó sọ iṣẹ́ tí ẹ mọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni ibi tí ẹ ti ṣiṣẹ́, kí èyí tí ẹ ṣe kẹ́yìn ṣíwájú. Ẹ kọ ọdún tí ẹ bẹ̀rẹ̀ àti ọdún tí ẹ kúrò níbẹ̀, irú ọkọ̀ tàbí ẹ̀rọ tí ẹ lò, iye ènìyàn tí ó wà lábẹ́ yín, àti iye iṣẹ́ tí ń jáde lọ́wọ́ yín.

Iye yẹn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fò. Wọn a kọ ọ́ pé, "Mo jẹ́ ẹni tí ń ṣiṣẹ́ kára, oníwà rere, tí ó lè bá gbogbo ènìyàn gbé." Ta ni yóò kọ̀wé pé ọ̀lẹ ni òun? Ọgọ́rùn-ún ènìyàn ti kọ irú rẹ̀ kí tiyín tó dé. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ òtítọ́, ẹ kọ ọ́ báyìí: "Láti 2011 sí 2020, mo wa tírélà tí ń gbé 30 tọ́ọ̀nù láti Èkó dé Bìní àti Onítṣà. Èmi ni mo ń fọwọ́ sí ìwé ẹrù. Kò sí jàǹbá kankan lọ́wọ́ mi." Ẹni tí ó wà nídìí ẹ̀rọ CD nílé ìlapákó, kí ó kọ ọ́ pé òun ń la gẹdú lórí ẹ̀rọ náà, òun sì mọ bí a ti ń pọ́n ayùn rẹ̀. Ẹ̀yin obìnrin tí ẹ wà nídìí ìwọ̀n, tí ẹ ń ka àpò tí ẹ sì ń kọ ọ́ sínú ìwé, ẹ má sọ pé "ìrànlọ́wọ́ lásán ni mo ń ṣe." Iye àpò tí ń gba ọwọ́ yín kọjá lójúmọ́ ni kí ẹ kọ. Ìṣirò ni, iṣẹ́ akọ̀wé sì ni.

Lẹ́yìn iṣẹ́ ni ẹ̀rí. Bí ẹ bá ní láísẹ́ǹsì, ẹ kọ kíláàsì rẹ̀: G ni ti tírélà, F ni ti katakata oko. Ẹni tí ó kọ́ṣẹ́ mẹ́káníìkì tàbí wẹ́dà tí ó ti gba fírídọ̀ọ̀mù, kí ó má dúró síbẹ̀. Ìjọba àpapọ̀, lábẹ́ àwọn tí ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àti òṣìṣẹ́, ń ṣe ìdánwò oníṣẹ́-ọwọ́ tí à ń pè ní Trade Test. Ìpele mẹ́ta ni: láti III lọ sí II, kí ó tó kan I. Ẹni tí kò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga lè fi í dúró níwájú ẹnikẹ́ni. Láti ọdún 1992 náà ni àjọ NABTEB ti wà, olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ sì wà ní Bìní, nítòsí wa níbí.

Ẹ yọ ohun tí kò kàn wọ́n kúrò. Kí ni iye ìyàwó àti iye ọmọ yín ń ṣe nínú ìwé tí ẹ fi ń wá iṣẹ́? Ẹ̀sìn kì í yí sítíárìn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti jẹ́ akọ̀wé tàbí akápò ẹ̀ka ẹgbẹ́ wa, àwọn kan yóò ní kí ẹ fi pamọ́ kí ọ̀gá má bàa bẹ̀rù yín. Àwa kò fara mọ́ ọn. Ẹni tí ó pa owó ẹgbẹ́ mọ́ tí kọ́bọ̀ kò sọnù, ẹ̀rí ìwà ni. Òfin Iṣẹ́ pàápàá sọ ọ́ ní ìpín 9 pé kò sí àdéhùn iṣẹ́ tí ó gbọdọ̀ sọ ọ́ di dandan kí òṣìṣẹ́ má ṣe ẹgbẹ́.

Àwọn tí ń fi kọ̀ǹpútà tẹ ìwé fúnni lẹ́bàá ọ̀nà ńkọ́? A kò bínú sí wọn, oúnjẹ òòjọ́ ni wọ́n ń wá. Ohun tí a kọ̀ ni ìwé kan ṣoṣo tí wọ́n ti tẹ̀ sílẹ̀, tí wọ́n kàn ń pààrọ̀ orúkọ lórí rẹ̀, tí dírẹ́bà fi ń gbé ìwé tẹ́lọ̀ káàkiri. Ẹ sọ ọ̀rọ̀ yín fún wọn ní Yorùbá, kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n ka ohun tí wọ́n tẹ̀ padà fún yín ní Yorùbá. Ohun tí kò bá jẹ́ tiyín níbẹ̀, ẹ ní kí wọ́n pa á rẹ́. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ ta sẹ́tífíkéètì tí ẹ kò jókòó ṣe ìdánwò rẹ̀ fún yín, ẹ sá fún un. Ẹ̀wọ̀n ni òfin fi ń san ẹ̀san ayédèrú ìwé, oníṣòwò náà kò sì ní bá yín ṣe é.

Ẹ ṣọ́ra fún àwọn tí ń ta fọ́ọ̀mù pẹ̀lú. Ìjọba pàápàá ti ṣe é rí. Ní oṣù kẹta ọdún 2014, àwọn tí ń wá iṣẹ́ aṣọ́bodè ní Immigration san ₦1,000 kọ̀ọ̀kan. Wọ́n lé ní 500,000, àyè iṣẹ́ kò tó 5,000. Wọ́n kó wọn sí pápá ìṣeré lọ́jọ́ ìdánwò, ènìyàn tẹ ènìyàn mọ́lẹ̀ ní Àbújá, ní Port Harcourt, ní Minna àti ní Bìní. Àwọn tí ó kú ju mẹ́wàá lọ. Nítorí náà, a kò ní tàn yín pé ìwé dáadáa ń dá iṣẹ́ sílẹ̀. Iṣẹ́ kò tó, ẹ̀bi ìjọba àti àwọn olówó ni, a kò sì ní yé sọ ọ́. Ṣùgbọ́n èyí tí ó wà náà, ẹ má jẹ́ kí àìníwèé lé yín kúrò nídìí rẹ̀.

A wá dórí àwọn ọ̀gá. Òfin Iṣẹ́ tí a ṣe ní 1974 sọ ọ́ ní ìpín 7 pé kí oṣù mẹ́ta tó pé tí òṣìṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọ̀gá gbọ́dọ̀ fún un ní ìwé tí ó sọ orúkọ ọ̀gá, ọjọ́ tí a gbà á, irú iṣẹ́ tí a gbà á fún, àti owó rẹ̀. Mélòó nínú yín ló ti rí irú ìwé yìí? Ní ti ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ bá ń lọ, Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé ti sọ̀rọ̀ ní 1963, ó tún un sọ ní 1982, pé ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ yẹ kí ó gba ìwé ẹ̀rí bí ó bá béèrè: ọjọ́ tí ó wọlé, ọjọ́ tí ó jáde, àti iṣẹ́ tí ó ṣe. Ti 1963 tilẹ̀ sọ pé ọ̀gá kò gbọdọ̀ kọ ohun tí yóò ba òṣìṣẹ́ náà jẹ́ sínú rẹ̀. Ìmọ̀ràn ni Àjọ náà gbà, kò lágbára òfin. Àwa fúnra wa ni a ó fi ẹnu ẹgbẹ́ sọ ọ́ di àdéhùn.

Ohun tí a ń fẹ́ kò pọ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, kí olúkúlùkù béèrè ìwé ìpín 7 lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, kí ẹni tí ẹ̀rù bá ń bà mú orúkọ rẹ̀ wá fún akọ̀wé ẹ̀ka kí a bá a béèrè. Lẹ́ẹ̀kejì, kí ìwé ẹ̀rí ìjáde wà nínú gbogbo àdéhùn tí ẹ̀ka yìí yóò tún bá ọ̀gá kankan fọwọ́ sí. Lẹ́ẹ̀kẹta, kí àwọn tí ó mọ̀wé láàárín wa jókòó lẹ́yìn ìpàdé, kí wọ́n bá àwọn tí kò mọ̀wé kọ ìtàn iṣẹ́ wọn sílẹ̀, lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ má dúró dìgbà tí iṣẹ́ bá bọ́. Ìgbà tí ẹ ṣì wà nídìí ẹ̀rọ, tí ẹ rántí ọdún, tí ẹni tí yóò jẹ́rìí yín ṣì wà láàyè, ni kí ẹ kọ ọ́.

Òṣìṣẹ́, ọdún rẹ, tìrẹ ni. Béèrè rẹ̀!

Ìṣọ̀kan ni agbára wa.