Orin Àwọn Bàbá Wa Kò Gbọdọ̀ Kú Sínú Àpótí

Àyájọ́ ìdásílẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ wa ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn tún ti dé. Gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa, ẹgbẹ́ akọrin yóò dìde, wọn yóò kọ orin Handel, inú gbogbo wa yóò sì dùn. Àwa tí a ti jókòó lórí àga akọrin wọ̀nyẹn rí kò ní ìjà pẹ̀lú Handel. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí a fẹ́ bi ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde àti ẹ̀yin òbí: mélòó nínú àwọn ọmọ wa ló lè dárúkọ Yorùbá kan ṣoṣo tó ṣe sínfónì, ìyẹn orin ńlá tí ohun-èlò olókùn, fèrè àti ìlù jọ ń sọ láìsí ẹni tó ń fi ẹnu kọrin?

Fẹlá Ṣówándé ṣe é. Ní 1905 ni a bí i, àlùfáà sì ni bàbá rẹ̀. Ní Èkó, ó wà nínú ẹgbẹ́ akọrin Kàtídírà Christ Church, lábẹ́ T. K. E. Phillips, ẹni tó tẹ dùùrù níbẹ̀ láti 1914 di 1962. Iṣẹ́ ẹ̀rọ ni ó bá lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ṣùgbọ́n orin ló gbà á lọ́wọ́ ẹ̀rọ. Ní 1943 ó gba oyè FRCO, oyè ńlá àwọn atẹdùùrù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1944 ó ṣe African Suite fún ohun-èlò olókùn. Nígbà tí Nàìjíríà sì gba òmìnira ní 1960, òun ló ṣe Folk Symphony fún ayẹyẹ náà, tó fi orin ìbílẹ̀ wa hun ún. Ní 1987 ó dákẹ́ ní ìpínlẹ̀ Ohio, ní Amẹ́ríkà.

Ẹ jẹ́ ká ro èyí wò. Ìpín tó kẹ́yìn nínú African Suite, tó ń jẹ́ Akinla, ni ilé-iṣẹ́ rédíò CBC ní Kánádà fi ṣe orin ìdánimọ̀ ètò kan fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn ará Kánádà mọ ohùn ọmọ Yorùbá láti ìta gbangba. Ọmọ Ẹ̀jìgbò kò mọ̀ ọ́n rárá.

Ti Ayọ̀ Bánkọ́lé tilẹ̀ tún sún mọ́ wa. Jọs ni a bí i sí ní 1935, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ fi ọdún púpọ̀ kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní orin ní Queen's School, nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ náà ṣì wà ní Ẹdẹ tó múlé gbè wá. Bánkọ́lé kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Cambridge, ó sì padà wá kọ́ni ní Yunifásítì Èkó. Ó fi kàntátà kan sílẹ̀ tó pè ní Jona, lórí wòlíì tí gbogbo ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi mọ ìtàn rẹ̀. Ní 1976 ikú mú un lọ ní ẹni ọdún 41.

Àwọn kan yóò sọ pé nǹkan òyìnbó ni sínfónì. Ẹ jẹ́ ká rán wọn létí Joseph Bologne, tí a ń pè ní Saint-Georges. Ní 1745 ni a bí i ní erékùṣù Guadeloupe, ẹrú tó jẹ́ ọmọ Áfíríkà sì ni ìyá rẹ̀. Ó di ọ̀gá olórin ní Paris. Sínfónì méjì rẹ̀ jáde ní títẹ̀ ní 1779. Ẹgbẹ́ olórin tó ń darí ni Haydn ṣe sínfónì mẹ́fà fún ní 1785 àti 1786. Gbogbo ayé mọ Haydn. Orúkọ ẹni tó darí ẹgbẹ́ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́. Kì í ṣe pé orin rẹ̀ kò dùn. Àwọn tó kù lẹ́yìn rẹ̀ ni kò gbé ìwé rẹ̀ sí iwájú àwọn olórin mọ́.

Orin tí a kọ sínú ìwé dà bí irúgbìn inú àká: bí a kò bá gbìn ín, kòkòrò ni yóò jẹ ẹ́. Ojú wa rí i. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, àwa akọrin àtijọ́ pé jọ láti tún kọ orin Àjíǹde kan tí olùdarí orin wa ṣe fún wa nígbà èwe. A ṣí àpótí ìwé rẹ̀. Ikán ti débẹ̀ ṣáájú wa. A gbìyànjú láti fi ìrántí kó orin náà jọ. Àwọn báàsì rántí tiwọn, àwọn tẹ́nọ̀ rántí ìdajì, ṣùgbọ́n kò sí ẹnikẹ́ni tó rántí ohùn tírẹ́bù. Bí orin náà ṣe lọ nìyẹn.

Nítorí náà, ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Ní ọdọọdún, kí ẹgbẹ́ akọrin kọ́ orin ọmọ Yorùbá kan mọ́ ti Handel. A kò ní ẹgbẹ́ olórin ńlá tó lè ṣe sínfónì, ṣùgbọ́n a lè gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn kalẹ̀ kí àwọn ọmọ gbọ́ Ṣówándé. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde tó wà ní Èkó, Abidjan àti Lọ́ńdọ̀nù, ẹ bá wa ra ìwé orin wọn, kí ẹ sì ràn wá lọ́wọ́ láti san owó olùkọ́ orin. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá ní dùùrù ni òun fẹ́ kọ́, ẹ má ṣe lé e kúrò níbẹ̀. Ìwé tí àwọn olùdarí orin fi ọwọ́ kọ ṣì wà nínú àpótí ní àwọn ìjọ agbègbè wa: ẹ jẹ́ ká fi fóònù ya wọ́n kí ikán tó dé.

Ọlọ́run tó fún àwọn bàbá wa ní orin kò fún wọn kí a lè sin ín. Kí Ó jẹ́ kí a tún rí àyájọ́ mìíràn, kí orin wọn sì wà lẹ́nu àwọn ọmọ wa lọ́jọ́ náà.