Ìkéde Àwa Tí A Kò Ní Fi Bíró Ṣí Sọ́kẹ́ẹ̀tì Mọ́

Àwa oníṣẹ́ iná, àwa òǹtajà àti àwa òbí, láti Èkó dé Kétu, láti Badagry dé Kútọnu, la pa ohùn pọ̀ ṣe ìkéde yìí. Ní Nàìjíríà, púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ pẹlẹbẹ mẹ́ta la ń lò. Bí a bá ti ré ibodè Sèmè kọjá, ẹlẹ́sẹ̀ róbótó méjì ni ògiri ń gbà. Ọmọ ìyá lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì ibodè, kí oríkì wọn jẹ́ ọ̀kan, síbẹ̀ áyọ́ọ̀nù ẹ̀gbọ́n kò ní wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì àbúrò.

A gbà pé ọwọ́ ènìyàn ló dá ìyàtọ̀ yìí sílẹ̀. Nígbà tí Thomas Edison bẹ̀rẹ̀ sí í ta iná ní Pearl Street, ní New York, lọ́dún 1882, gílóòbù ni àwọn oníbàárà rẹ̀ fẹ́ tàn. Ta ló ń ro ti fíríìjì nígbà náà? Ìlú kọ̀ọ̀kan ra ẹ̀rọ lọ́wọ́ ẹni tó kọ́kọ́ wá bá a. Ẹ wo Japan. Lọ́dún 1895, Tokyo ra tirẹ̀ lọ́wọ́ AEG ti Jámánì, tí iná rẹ̀ ń lọ tó ń bọ̀ nígbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Lọ́dún kejì, Osaka ra ti General Electric láti Amẹ́ríkà, ìyẹn sì jẹ́ 60. Bó ṣe wà títí dòní nìyẹn. Nígbà tí ilẹ̀ mì tí omi òkun sì ya lu ibùdó iná wọn ní 2011, iná wọ́n Tokyo, ìwọ̀nba díẹ̀ ni apá ìwọ̀-oòrùn sì lè fi ràn án lọ́wọ́, torí ẹ̀rọ tó ń sọ 60 di 50 kò tó.

Lóòótọ́, IEC, àjọ tó ń wá ìlànà kan fún gbogbo ayé nípa iná, ti wà láti 1906. Ṣùgbọ́n 1986 ni wọ́n tó gbé púlọ́ọ̀gì kan kalẹ̀ pé kí ayé jọ máa lò ó, nígbà tí ògiri gbogbo ti kún fún wáyà.

Àwọn tó jọba lé wa lórí ló fún wa ní tiwa. Faransé fi tirẹ̀ sílẹ̀ ní Benin àti Togo, Gẹ̀ẹ́sì fi tirẹ̀ sílẹ̀ ní Nàìjíríà. A ò ní torí ìyẹn bú púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, nítorí ọgbọ́n pọ̀ nínú rẹ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, bàbà wọ́n ní Britain, ilé tí wọ́n máa kọ́ sì pọ̀. Wọ́n pinnu láti fa wáyà kan yí ilé po kó tún padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀, kí bàbà má baà ná wọn púpọ̀. Àmọ́ iná tó ń gba irú wáyà bẹ́ẹ̀ lè sun okùn tẹ́ẹ́rẹ́ ti rédíò kí fíúùsì ilé tó já. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ki fíúùsì sínú púlọ́ọ̀gì fúnra rẹ̀. Caroline Haslett nìkan ni obìnrin nínú ìgbìmọ̀ tó jókòó lé e lórí, ìgbìmọ̀ náà sì ní dandan ni kí ihò sọ́kẹ́ẹ̀tì ní ìbòrí nítorí àwọn ọmọdé. Ní 1947, púlọ́ọ̀gì náà di ìlànà BS 1363.

Ẹsẹ̀ òkè, èyí tó gùn jù, ni ti ẹ́ẹ̀tì, wáyà tó ń kó iná tó bá jò lọ sínú ilẹ̀. Òun ló ń kọ́kọ́ wọlé, òun ló sì ń ṣí ìbòrí ihò méjèèjì ìsàlẹ̀. Kí wá ni a ń ṣe? A ra ṣájà ẹlẹ́sẹ̀ méjì, kò wọlé. A mú bíró tàbí ṣáṣá ìgbálẹ̀, a tẹ ihò òkè, ìbòrí ṣí, a ki ẹsẹ̀ méjì náà bọ̀ ọ́. Ó ṣiṣẹ́. Ọmọ tó dúró tì wá náà ti rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ẹsẹ̀ róbótó kì í sì jókòó dáadáa nínú ihò onígun mẹ́rin: á máa mì, á máa ta pàràpàrà, ike á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́. A kọ èyí. A kọ̀ ọ́ nílé, ní ṣọ́ọ̀bù, ní ṣọ́ọ̀ṣì àti ní mọ́ṣáláṣí. A kọ kí ẹnikẹ́ni gé ẹsẹ̀ ẹ́ẹ̀tì dànù. A kọ bébà fàdákà inú páálí sìgá tí wọ́n ń wé mọ́ fíúùsì tó já.

A tún kéde pé kí ẹsẹ̀ bára mu nìkan kò tó. Brazil mú àwòrán IEC, ó tún un ṣe, nígbà tó sì fi di 2011 ó ti di dandan fún ọjà tuntun. Síbẹ̀ iná Salvador ní Bahia jẹ́ fóólìtì 127, ti Recife jẹ́ 220, púlọ́ọ̀gì kan náà ló sì wọ méjèèjì. Inú ọjà tókunbọ̀ ni ewu kí fóólìtì má bára mu yìí ti ń bá wa. Áyọ́ọ̀nù tí wọ́n ṣe fún fóólìtì 120 Amẹ́ríkà, bí a bá kì í bọ 230 wa, agbára tó máa fà á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́rin. Àdáptà kò lè gbà á sílẹ̀, ẹsẹ̀ nìkan ló ń pààrọ̀. Kí òǹtajà ka ẹ̀yìn ọjà sétí oníbàárà kó tó gba owó: bó bá jẹ́ 100–240V, kó máa gbé e lọ, bó bá jẹ́ 120V nìkan, kó sọ fún un pé sítẹ́pù-dáùn ni yóò lò.

A kò ní kí ẹnikẹ́ni fọ́ ògiri rẹ̀. Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti sọ USB-C di dandan fún fóònù tuntun láti òpin 2024, ó sì ṣeé ṣe, torí fóònù kì í pẹ́ lọ́wọ́ ẹni. Wáyà inú ilé a máa pẹ́ láyé ju ẹni tó kọ́ ilé lọ. Nítorí náà, ọ̀dọ̀ ẹni tó ń kó ọjà wọlé la dojú ìjà kọ. Ó mọ orílẹ̀-èdè tó ń kó o bọ̀. Kó fi ẹsẹ̀ ibẹ̀ sí i, pẹ̀lú fíúùsì tó tọ́. Òfin Britain ti 1994 béèrè èyí fún ohun-èlò ilé. A ti jogún sọ́kẹ́ẹ̀tì wọn. A fẹ́ rí ìyókù ogún náà lórí àtẹ ọjà wa.

Láti òní lọ, oníṣẹ́ iná tó bá wà pẹ̀lú wa kò ní fa wáyà ilé láìfa ẹ́ẹ̀tì, bí onílé tilẹ̀ ní kó fò ó. Òbí tó bá wà pẹ̀lú wa, kó yẹ gbogbo sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé rẹ̀ wò lálẹ́ òní, kó yọ ohunkóhun tí wọ́n fi bíró tì bọ̀ ọ́, kó sì gbé e padà fún ẹni tó tà á.