Ẹlẹ́rìí Akólòlò

Àwọn kan ní Ìlá Ọ̀ràngún a máa wí pé ẹlẹ́rìí tí ó bá ń kólòlò nínú ẹjọ́ ọ̀daràn, irọ́ ni ó ń pa. Àwa kò gbà! Ẹ̀rù kóòtù tó láti mú olóòótọ́ gbọ̀n. Òpùrọ́ ẹ̀wẹ̀ a máa di Bíbélì tàbí irin mú láìmira. Dáníẹ́lì kò wo ojú àwọn àgbà méjì tí wọ́n fẹ̀sùn kan Sùsánà. Ó yà wọ́n sọ́tọ̀, ó bi olúkúlùkù pé lábẹ́ igi wo ni ó ti rí i. Ẹnu wọn kò sì kò. Òfin Ẹ̀rí Nàìjíríà ti ọdún 2011 pàápàá, nínú ọ̀pọ̀ ẹjọ́, kò ka iye ẹlẹ́rìí sí: ẹnì kan ṣoṣo tó, bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá dúró lẹ́yìn ìbéèrè. Ẹ̀yin olùkọ́, nígbà tí nǹkan sọnù ní kíláàsì yín, ọmọ tí ó kọ́kọ́ sunkún ni ẹ nà. Kí ni ẹ bi í kí ẹ tó mú pàṣán?